ÌBÒRÍ ÒKÚTA: OHUN TÍ Ó LÈ DÁ OMI KÍKAN IBI ÌWAKÙSÀ DÚRÓ KÍ Ó TÓ DÉ OKO



Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó mú yín lọ sí Naraguta, lẹ́bàá ìlú Jos ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ìwakùsà ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kì í ṣe nítorí ìtàn nìkan ni a ṣe ń lọ síbẹ̀. Ìwakùsà ti wọ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú: wọ́n ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tánganran àti kọlumbáìtì sì wà nínú ilẹ̀ Ìjerò-Èkìtì. Bí wọ́n bá ń wa ilẹ̀ lókè odò, àkùrọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí a lè ṣe kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí. Àwọn òkúta kan wà tí kì í ni ẹnikẹ́ni lára nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá hú wọn síta tí atẹ́gùn àti omi kàn wọ́n, wọn a máa sun omi kíkan tí ó lè ba oko jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà tí ó dára jù láti dènà rẹ̀ ni kí a fi ìbòrí wọ òkúta náà kí atẹ́gùn tó mú un. Bí omi bá ti kan tán, owó tí a ó fi wò ó sàn yóò pọ̀ ju owó ìbòrí lọ.

OHUN TÍ NARAGUTA FI KỌ́ WA

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, àwọn ènìyàn Òkè-Ọya ti ń yọ́ tánganran ní Liruein Delma, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ilé-iṣẹ́ Niger Company tọ ipa tánganran náà dé agbègbè odò Delimi, wọ́n sì pàgọ́ sí Naraguta. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti tàn ká orí òkè Jos. Nígbà tí ó fi máa di 1914, ọkọ̀ ojú irin kékeré ti ń rìn láti Sàríà dé Bukuru. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá, pàápàá jù lọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, lọ ṣòwò níbẹ̀. Bóyá ẹ̀yin náà ní ẹbí tí ó ti gbé ní Jos rí.

Ọkọ́ àti igbá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́ náà. Wọ́n ń fi ọkọ́ wa yanrìn, wọ́n ń fi igbá fọ̀ ọ́, tánganran tí ó wúwo a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ ńláńlá dé, tí wọ́n ń ká ilẹ̀ ọlọ́ràá kúrò kí wọ́n tó kan yanrìn tí tánganran wà nínú rẹ̀. Ní 1985, owó tánganran já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì kógbá sílé. Kòtò kù, òkìtì sì kù. Omi òjò kún inú àwọn kòtò náà, wọ́n sì di adágún.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò káwọ́ lẹ́rán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi adágún wọ̀nyí láti fi gbin ọ̀dùnkún òyìnbó, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti tòmátì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Jos àti ti Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo iṣẹ́ wọn. Wọ́n rí i pé eérú pàǹtí ìlú, ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ òyìnbó ni àwọn àgbẹ̀ náà ń pò pọ̀ láti fi sọ ilẹ̀ tí ó ti ṣá di oko. Ẹ rántí eérú yìí, nítorí a ó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ǹjẹ́ omi gbogbo adágún wọ̀nyí ni ó kan? Rárá o. Púpọ̀ nínú tánganran Naraguta wá láti inú yanrìn odò. Omi àti atẹ́gùn ti fọ irú yanrìn bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé, nítorí náà òkúta tí ń sun omi kíkan ti jẹrà kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n tánganran tún wà nínú iṣan àpáta, níbi tí òkúta onímí-ọjọ́ ti máa ń bá a gbé. Bákan náà, ní ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ya tánganran sọ́tọ̀, àwọn òkúta wíwúwo yòókù a máa kórá jọ sí òkìtì kékeré. Irú òkìtì kékeré bẹ́ẹ̀ lè ṣe ibi ju òkè yanrìn lásán lọ. Ní Jos, òkúta mọ́násáìtì tí ń tan ìtànṣán olóró tún wà nínú irú ìdọ̀tí ilé ẹ̀rọ yìí. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi yanrìn ilé ẹ̀rọ kọ́lé tàbí kí ó dà á sí oko.

Ẹ̀kọ́ kìíní tí Naraguta kọ́ wa nìyí: òkìtì kò jọ òkìtì. A kì í fi ojú lásán dá a mọ̀. Ìdánwò ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ní Enugu, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ní 1915. Èédú àti amọ̀ dúdú tí ó yí i ká ní òkúta onímí-ọjọ́ nínú. Omi tí ń jáde láti inú ihò èédú àtijọ́, bí irú ti Onyeama àti Okpara, ti di omi kíkan tí ń pa ìdí odò láró bí ìpẹtà. Òwò èédú ti rọlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n omi náà kò tí ì sinmi.

Èwo wá ni ó kan ilẹ̀ Yorùbá nínú méjèèjì? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wúrà Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń fọ̀ ní Igun àti Ìtagunmódì jẹ́ ti yanrìn odò, gẹ́gẹ́ bí ti Naraguta. Ṣùgbọ́n wúrà tún wà nínú àpáta ní agbègbè Ìpéríndó, ní 2021 ni wọ́n sì kọ́kọ́ yọ wúrà ní ibi ìwakùsà ńlá ti Ṣẹ̀gilọlá tí ó wà ní ìhà ibẹ̀. Àpáta tútù tí a fọ́ láti inú ilẹ̀ kò tí ì rí atẹ́gùn rí. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni a ní láti bò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àkókò tí ó yẹ kí àgbẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ìsinsìnyí, kì í ṣe lẹ́yìn ogún ọdún.

BÍ ÒKÚTA ṢE Ń SUN OMI KÍKAN

Orúkọ òkúta náà ni páírítì. Irin àti imí ọjọ́ ni ó para pọ̀ di òkúta yìí. Ó máa ń dán bí idẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n fi ń rò pé wúrà ni. Ìdí nìyí tí àwọn Òyìnbó fi ń pè é ní wúrà òmùgọ̀.

Bí omi àti atẹ́gùn bá kàn án, irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà, imí ọjọ́ inú rẹ̀ yóò sì di ásíìdì. Ásíìdì yìí kan náà ni wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀. Àwọn kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí sì wà tí òkúta yìí jẹ́ oúnjẹ fún. Wọn a máa mú kí iṣẹ́ náà yá kíákíá. Bí omi bá sì ti kan dáadáa, irin tí ó ti yọ́ sínú omi yóò tún padà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òkúta tí ó kù. Bí ó ti ń kan náà ni ó ń yára sí i, bí iná ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àrò mẹ́ta ni omi kíkan jókòó lé: òkúta páírítì, omi, àti atẹ́gùn. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò, ìkòkò ibi náà yóò dà. A kò lè gbé òkúta tí wọ́n ti hú padà sí ipò rẹ̀ ní kíkún, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé kí òjò má rọ̀. Nítorí náà, atẹ́gùn ni ó rọrùn jù láti dènà. Iṣẹ́ ìbòrí nìyẹn.

IBI TÍ OMI KÍKAN Ń ṢE FÚN OKO

Àwọn olùwádìí ń fi ìwọ̀n kan tí à ń pè ní pH wọn kíkan omi àti ilẹ̀. 7 ni àárín. Kò kan, kò sì korò. Bí ó bá ti ń lọ sílẹ̀ sí 7 ni ó ń kan sí i. Ẹ kíyè sí i pé ìṣísẹ̀ kan nínú ìwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá: omi tí ó jẹ́ 4 kan ní ìlọ́po mẹ́wàá ju èyí tí ó jẹ́ 5 lọ, ó sì kan ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju èyí tí ó jẹ́ 6 lọ. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2.

Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn wa fẹ́ ilẹ̀ tí ó wà láàárín 5.5 sí 7. Bí ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ́mù tí ó sùn jẹ́ẹ́ nínú amọ̀ yóò yọ́ sínú omi ilẹ̀, yóò sì mú kí gbòǹgbò kúrú kí ó sì ki. Gbòǹgbò kúkúrú kò lè fa omi. Ohun ọ̀gbìn yóò rọ bí ẹni pé ọ̀dá ni, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tutù. Fọ́sífétì inú ajílẹ̀ tí ẹ fi owó rà yóò há sínú ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn kò sì ní rí i jẹ. Kókó ara gbòǹgbò ẹ̀wà, tí ó máa ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, kò ní dàgbà. Ẹ̀gẹ́ a máa fara da á díẹ̀. Àgbàdo àti tòmátì kò lè fara da á tó bẹ́ẹ̀.

Omi kíkan tún ń yọ́ òjé àti àwọn irin olóró mìíràn jáde láti inú òkúta, àwọn ẹ̀fọ́ ewé sì lè fà wọ́n mu. Òjé kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọdé tí ó lé ní 400 ni òjé pa nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín agbolé. Eruku ni ó pa àwọn yẹn, kì í ṣe omi kíkan. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ohun tí ó bá wúrà gbé inú àpáta lè burú ju bí a ti rò lọ.

ÌDÁNWÒ ÌṢÓ MẸ́RIN

Kí ọ̀rọ̀ ìbòrí lè yé wa dáadáa, ẹ ṣe ìdánwò yìí nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ wá ìṣó tuntun mẹ́rin tí kò tí ì dípẹtà.

1. Ẹ gbé ìṣó kìíní sórí àkísà tútù láìfi ohunkóhun pa á.
2. Ẹ fi òrí tàbí gíríìsì pa gbogbo ara ìṣó kejì, kí ẹ gbé e sórí àkísà kan náà.
3. Ẹ pa ìṣó kẹta bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ibì kan lára rẹ̀ títí irin rẹ̀ yóò fi hàn.
4. Ẹ ju ìṣó kẹrin sínú ìgò, kí ẹ bu omi tí ẹ ti sè tí ó sì ti tutù lé e títí ìgò yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ẹ da òróró díẹ̀ lé omi náà lórí, kí ẹ sì dé e.

Ẹ máa wọ́n omi sí àkísà náà kí ó má bàa gbẹ. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé ìṣó kìíní ti dípẹtà. Ìkejì yóò ṣì máa dán. Ìkẹta yóò dípẹtà ní ojú ibi tí ẹ ti ha á. Ìkẹrin yóò wà bí ó ti wà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó sùn, nítorí pé atẹ́gùn kò ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ìbòrí ni ó wà nínú ìṣó mẹ́rin yìí: òkúta tí a kò bò, òkúta tí a bò, òkúta tí ìbòrí rẹ̀ ya, àti òkúta tí omi bò.

ÀWỌN ÌBÒRÍ TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ TI GBÌYÀNJÚ

Ìbòrí fọ́sífétì. Ní àwọn ọdún 1990, V. P. Evangelou, olùkọ́ nípa ilẹ̀ ní Yunifásítì Kentucky ní Amẹ́ríkà, ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí èyí. Wọ́n ń fi háídírójìn pẹrọ́kísáìdì díẹ̀ fọ òkúta náà. Omi yìí ni ó máa ń hó bí wọ́n bá dà á sí egbò nílé ìwòsàn. Yóò mú kí irin díẹ̀ jáde sí ara òkúta. Fọ́sífétì tí wọ́n ti pò mọ́ ọn yóò so mọ́ irin náà, yóò sì di awọ tín-ín-rín yí òkúta ká. Ìwọ̀n pH omi náà gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 5 sí 6 kí awọ náà tó lè dúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé inú òkúta náà gan-an ni irin tí a fi ṣe ìbòrí rẹ̀ ti wá.

Ìbòrí sílíkà. Sílíkà ni ó pọ̀ jù nínú yanrìn. Bí a bá yọ́ irú rẹ̀ sínú omi tí a sì dà á sí ara páírítì nígbà tí omi kò kan, yóò bá ìpẹtà so pọ̀ di awọ líle. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó lè fara da kíkan ju awọ fọ́sífétì lọ.

Ìbòrí láti ọwọ́ òkúta ẹfun. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò. Bí a bá lọ̀ ọ́ kúnná tí a sì pò ó mọ́ òkúta tútù láti ìbẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ kí omi kan. Ìwọ̀nba irin tí ó bá yọ́ jáde yóò padà dì mọ́ ara páírítì bí ìpẹtà, yóò sì dín atẹ́gùn tí ń wọlé kù. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí ni ohun èlò rẹ̀ súnmọ́ wa jù.

IBI TÍ AGBÁRA ÌBÒRÍ MỌ

A kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìbòrí jẹ́ àwúre. Àkọ́kọ́, inú ilé ìwádìí àti ní orí ilẹ̀ kékeré ni àwọn ìbòrí fọ́sífétì àti sílíkà ti ṣiṣẹ́ jù. Òkìtì tí ó ga bí òkè kò rọrùn láti fọ̀ dé inú. Èkejì, bí òkúta bá fọ́ lẹ́yìn tí a ti bò ó, ojú tuntun yóò yọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣó kẹta. Ẹ̀kẹta, fọ́sífétì tí ó bá ṣàn wọ odò yóò mú kí ewéko orí omi hù bo ojú odò. Ẹ̀kẹrin, bí omi bá ti kan púpọ̀ kí a tó dé, awọ fọ́sífétì yóò yọ́ dànù.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀: ìbòrí lè ṣiṣẹ́ òdì. Bí a bá kó òkúta ẹfun sínú omi kíkan tí irin ti pọ̀ nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí, ìpẹtà yóò bo òkúta ẹfun náà fúnra rẹ̀. Kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, bí ó tilẹ̀ kún ojú odò. Ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó ra òkúta ẹfun lè ná owó rẹ̀ sórí òkúta tí ìpẹtà ti bò.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Bí imí ọjọ́ páírítì bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún òkúta, tọ́ọ̀nù kan òkúta náà yóò gba nǹkan bí kílò 31 òkúta ẹfun láti pa kíkan rẹ̀. Òkìtì tọ́ọ̀nù 1,000 yóò gba tọ́ọ̀nù 31, bí ẹrù ọkọ̀ tírélà ńlá kan. Bí ó bá jẹ́ ìdá mẹ́ta ńkọ́? Tírélà mẹ́ta nìyẹn, fún òkìtì kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ wo ni ó fẹ́ ra èyí? Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tí ó hú òkúta síta ni ó yẹ kí ó bò ó, kí ó sì bò ó ní àkókò.

ÌBÒRÍ ŃLÁ TÍ Ó WÀ NÍ ÌKÁWỌ́ WA

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ju agbára àgbẹ̀ lọ. Bí a kò bá lè wọ aṣọ fún òkúta kọ̀ọ̀kan, a lè da aṣọ kan bo gbogbo òkìtì.

Omi gẹ́gẹ́ bí ìbòrí. Atẹ́gùn a máa lọ́ra nínú omi tí kò ṣàn ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bí ó ti ń rìn ní gbangba lọ. Nítorí náà, òkúta páírítì tí ó wà lábẹ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dàbí èyí tí ó sùn. Ní Kánádà, wọ́n máa ń fi omi adágún bo ìdọ̀tí ìwakùsà fún ìdí yìí. Àwọn tí ń gbin ìrẹsì ní etí òkun ní Rokupr ní Sierra Leone mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, nítorí páírítì wà nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Bí a bá gbẹ́ omi rẹ̀ tán, ilẹ̀ náà yóò kan. Nítorí náà, bí ẹ bá ń fa omi adágún ìwakùsà, ẹ má ṣe fà á gbẹ títí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fi hàn.

Amọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbòrí. Ẹ fi amọ̀ tí a ki mọ́lẹ̀ dáadáa bo òkìtì, kí ẹ fi ilẹ̀ dúdú lé e, kí ẹ sì gbin koríko sí i. Amọ̀ tútù ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá. Amọ̀ gbígbẹ a máa sán. Ilẹ̀ àti koríko tí ó wà lókè ni kò ní jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má ṣe gbin igi ńlá sí ojú ìbòrí tín-ín-rín, kí gbòǹgbò má bàa lu ú. Ní orí òkè Jos, wọ́n gbin yùkàlípítọ́ọ̀sì púpọ̀ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti wà. Igi dára láti di ilẹ̀ mú, ṣùgbọ́n òkìtì tí a fi amọ̀ bò, koríko ni ó bá a mu.

Ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà. Bí ohun wọ̀nyí ti ń jẹrà lókè òkìtì, wọ́n ń lo atẹ́gùn kí ó tó wọlé dé ọ̀dọ̀ òkúta. Wọ́n sì ń bọ́ koríko.

Eérú. Ẹ rántí àwọn àgbẹ̀ Jos. Eérú a máa pa kíkan ilẹ̀, ó sì ní èròjà tí ohun ọ̀gbìn ń jẹ. Ṣùgbọ́n eérú igi ìdáná ni ó dára jù. Eérú pàǹtí tí wọ́n sun pẹ̀lú bátìrì àti agolo lè ní òjé nínú. Ẹ yàgò fún un.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN OMI ÀTI ÒKÚTA WÒ

Ẹ ra bébà ìdánwò pH lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò ilé ìwádìí, tàbí kí ẹ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Fún omi: ẹ ki bébà bọ omi náà, kí ẹ sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọ̀ ara páálí rẹ̀. Ẹ ṣe é ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún ṣe é nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, nítorí òjò àkọ́rọ̀ ni ó ń fọ kíkan tí ó ti kórá jọ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn wá sínú odò.

Fún òkúta wíwà tuntun: ẹ fọ́ ọ kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ omi òjò ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì fi bébà wò ó. Ẹ tẹ́ ìyókù sínú àwo pẹrẹsẹ, kí ẹ máa wọ́n omi sí i kí ó lè máa tutù láìrì sómi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ tún un wò. Bí ó bá ti 6 já sí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, òkúta onímí-ọjọ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wà láìbò.

Àmì tí ojú lè rí náà wà: ìdí odò tí ó pọ́n bí ìpẹtà, òkìtì tí koríko kọ̀ láti hù sí, iyẹ̀fun funfun tàbí pupa rúsúrúsú tí ń yọ lára òkìtì ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀rọ ìfami tí irin rẹ̀ ń jẹ kíákíá. Ẹ sì ṣọ́ra fún omi tí ó mọ́ gaara tí kò sí ẹja tàbí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Mímọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìlera. Kíkan ni ó mú kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Bí omi bá lọ sílẹ̀ ju 5 lọ, ẹ má ṣe fi bomi rin oko, ẹ má sì jẹ́ kí ẹran mu ún. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

OHUN TÍ Ẹ Ó BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ AWAKÙSÀ

Òfin ìwakùsà ti orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ṣe ní 2007, sọ pé ilé-iṣẹ́ ìwakùsà gbọ́dọ̀ ní ètò fún ìdáàbòbò àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀, kí ó sì bá àwọn ará ìlú ṣe àdéhùn. Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé, ẹ má ṣe bèèrè owó ilẹ̀ nìkan. Ẹ tún bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀:

1. Ṣé yanrìn ni ẹ ń fọ̀ ni, tàbí àpáta ni ẹ ń fọ́?
2. Èló ni imí ọjọ́ tí ó wà nínú òkúta tí ẹ ó kó sílẹ̀?
3. Níbo ni òkìtì rẹ̀ yóò wà, kí ni ẹ ó sì fi bò ó?
4. Ta ni yóò máa dán omi odò wò, ìgbà mélòó lọ́dún?
5. Níbo ni ẹ ó kó ilẹ̀ ọlọ́ràá pamọ́ sí kí a lè dá a padà?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌRÁNTÍ

1. Kí ni àrò mẹ́ta tí omi kíkan jókòó lé?
2. Kí ló dé tí gbogbo adágún Jos kò fi kan bí omi ihò èédú Enugu?
3. Nínú ìṣó mẹ́rin, èwo ni ó dípẹtà ní ojú kan ṣoṣo, kí sì ni ó kọ́ wa?
4. Báwo ni ìbòrí ṣe lè sọ òkúta ẹfun di aláìwúlò?
5. Kí ló dé tí a fi ń dán omi wò lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀?

Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí sétí àwọn tí kò mọ̀wé kà ní ìpàdé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ yín. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi ń wa kùsà. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ ni yóò máa ro ilẹ̀ tí ó bá kù. Ẹ jẹ́ kí a bo òkúta kí atẹ́gùn tó kàn án.